Ẹni Tí Yóò Dúró fún Àsàkẹ́

Ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa níbí ní Ọ̀fà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, ló wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò ilé mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó, ó ní, "Mummy Kóòtù, wọ́n ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ òfin. Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín ṣiṣẹ́ ní kóòtù, ṣé iṣẹ́ náà dára?" Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó, mo sì rí i pé ìdáhùn mi gùn ju ohun tí mo lè sọ lórí ìjókòó kan lọ. Mo bá mú bíírò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ yòókù tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe, ẹ bá a gbọ́ ọ pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mi ò jẹ́. Mi ò jẹ́ lọ́yà, mi ò jẹ́ adájọ́. Akọ̀wé kóòtù ni mí, ògbufọ̀ sì ni mí. Èmi ni mo máa ń jókòó ní ìsàlẹ̀ adájọ́, tí mo máa ń pe orúkọ ẹjọ́, tí mo máa ń búra fún ẹlẹ́rìí, tí mo sì máa ń sọ Yorùbá àwọn èèyàn di èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ìwé ẹjọ́, kí n tó dá Gẹ̀ẹ́sì adájọ́ padà sí Yorùbá fún wọn. Tíṣà ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wá, tíṣà ló sì wù ú kí èmi náà ṣe. Kóòtù ló wù mí. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò ní ìtàn nínú. Ní ti owó oṣù, wọ́n ń san án; nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ kó tó dé, ẹ sì mọ ìjọba.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀gá Ọmọ́táyọ̀ ni wọ́n ń jẹ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, wọn kì í rẹ́rìn-ín, ṣòkòtò wọn a sì máa le gbagidi bí ẹni pé wọ́n fi ẹ̀kọ tútù rẹ ẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n ní kí n lọ jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn nínú kóòtù, kí n máa gbọ́, kí n má sì sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Mo jókòó síbẹ̀ títí ìdí fi ń dùn mí. Lójoojúmọ́, bí kóòtù bá dìde, wọn a pè mí: "Kí ni ẹlẹ́rìí yẹn sọ?" Bí mo bá sọ ọ́, wọn a ní, "Rárá o. Ìyẹn ni ohun tí ìwọ rò pé ó sọ. Mo ní kí ló sọ?"

Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà mí láyè láti máa túmọ̀, ìyá kan dé, ó bú ẹni tó pè é lẹ́jọ́ ní èébú tí kò ṣe é gbọ́ létí. Ojú tì mí. Mo mú ọ̀rọ̀ náà rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo ní ìyá náà sọ pé ìwà ọkùnrin náà kò dára. Ọ̀gá wà nítòsí. Wọ́n dúró dìgbà tí a jáde.

Wọ́n ní, "Àyọ̀ká, ìwọ ni wọ́n bú ni?"

Mo ní, "Rárá, sà."

"Ta wá ló bẹ̀ ọ́ pé kí o bá ìyá náà tún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe? Bó bá bú èèyàn, jẹ́ kí adájọ́ gbọ́ pé ó bú èèyàn. Bó bá fi èébú yẹn jẹ̀bi ń kọ́? Bó bá sì fi jàre ń kọ́? Ẹnu àlejò ni ẹnu ògbufọ̀. Má ṣe fi kún un, má sì ṣe yọ kúrò níbẹ̀."

Bó ti rí nìyẹn. Lọ́jọ́ mìíràn, àwọn kan tí ẹjọ́ wọn ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa kó iṣu láti Òjòkú wá sílé wa, iṣu tó rẹwà, ìyá mi sì ti ń wo èyí tí òun máa fi gúnyán. Ọ̀gá gbọ́. Èmi fúnra mi ni mo ru iṣu náà lórí, tí mo gbé e gba àárín ìlú títí dé ibùdókọ̀ Òjòkú, tí mo dá a padà fún wọn, tí gbogbo ayé sì ń kí mi kú ọjà. Inú bí mi gan-an, ọ̀sán yẹn ni mo pinnu pé n ó lọ ṣe tíṣà. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé nínú ìlú tí gbogbo wa ti mọra, níbi tí ẹ̀gbọ́n olùpẹ̀jọ́ ti fẹ́ àbúrò olùjẹ́jọ́, bí akọ̀wé bá jẹ iṣu ẹnì kan, kò ní kóòtù mọ́ fún ẹnì kejì. Mo gbọ́ ọ yé. Wọn a tún máa sọ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, pé akọ̀wé tó bá ti gbé ohun tó gbọ́ ní kóòtù lọ sílé, kó má padà wá mọ́.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi, ẹjọ́ ọmọdé ni wọ́n máa ń dúró lé lórí jù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ kó yé yín. Bí ẹnì kan bá ṣẹ ọmọdé, ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ láti pe onítọ̀hún lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kó dá pè é. Àgbàlagbà kan ni yóò dúró fún un, tí yóò fọwọ́ sí i pé òun gbà, tí orúkọ rẹ̀ yóò sì wà lórí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ. Alágbàtọ́ ẹjọ́ ni a máa ń pè é. Bó bá jẹ́ pé ọmọdé ni wọ́n pè lẹ́jọ́, bákan náà ni, kóòtù ni yóò yan ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀. Ọ̀gá a ní, "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá ẹni tí yóò bá a na ọwọ́. Ṣùgbọ́n wo ẹni náà dáadáa, kó má jẹ́ pé ohun tó bá gbé lórí pẹpẹ, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò jù ú sí."

Ní ayé ìgbà náà, gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ní kóòtù, ọwọ́ ni adájọ́ fi ń kọ ọ́. Bí ẹlẹ́rìí bá ń sáré sọ̀rọ̀, adájọ́ a gbé ọwọ́ sókè, gbogbo kóòtù a dákẹ́, a ó máa gbọ́ ìró bíírò lórí ìwé. Lẹ́yìn náà ni a ó lọ tẹ̀ ẹ́ lórí táípúráítà, pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù tó ń kun èèyàn lọ́wọ́ títí dé ojú. Ọkọ mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé òun kò mọ̀ pé akunlé ni òun fẹ́. Bélífù tó ń lọ fún èèyàn ní ìwé ìpẹ̀jọ́ ní Ìlémọnà, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn. Nígbà tó yá, ó di ọ̀kadà.

Àkókò ọ̀kadà yìí ni ẹjọ́ Àsàkẹ́ dé. Ọ̀gá Ọmọ́táyọ̀ ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, èmi ni mo wà lórí àga wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Àsàkẹ́, ará Ìjàgbó. Bàbá rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló wà nínú agbo ilé bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rán an kó lọ lọ ẹ̀gẹ́ gbígbẹ ní ilé ẹ̀rọ ìlọta. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ náà ní ìbòrí nígbà kan rí, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣí i kúrò tipẹ́ nítorí ó ń yọ wọ́n lẹ́nu bí wọ́n bá fẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe. Àwọn èèyàn ti sọ fún ẹni tó ni ẹ̀rọ náà. Ó ní òun máa dá a padà. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, bẹ́líìtì gbá apá aṣọ ọmọ náà mú, ó sì fa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọlé. Ní ilé ìwòsàn, wọn kò rí ọwọ́ náà gbà là. Láti ọrùn-ọwọ́ ni wọ́n ti gé e.

Ẹni tó ni ẹ̀rọ náà, Bàbá Ẹlẹ́rọ ni gbogbo èèyàn ń pè é, àgbàlagbà tí irun rẹ̀ ti funfun. Kì í ṣe òṣìkà. Ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, ó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní àmúwá Ọlọ́run ni, ó sì jáwọ́. Bẹ́ẹ̀ dókítà ti sọ pé wọ́n lè ṣe ọwọ́ àtọwọ́dá fún ọmọ náà, pé wọn yóò sì máa pààrọ̀ rẹ̀ bó ti ń dàgbà. Ẹjọ́ yìí ni yóò sọ bóyá Àsàkẹ́ máa rí ọwọ́ náà, àti bóyá ó máa padà sílé ìwé, nítorí ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé ni ẹ̀rọ mú lọ. Lọ́yà kan tó jẹ́ ọmọ Ìjàgbó ló gbé e wá sọ́dọ̀ wa.

Ọjọ́ tí a fẹ́ yan alágbàtọ́ ẹjọ́, ẹbí bàbá rẹ̀ kún kóòtù. Kò sí àríyànjiyàn. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ ló dìde, Ọdẹ́wálé, àgbẹ̀ àti ọdẹ, ọkùnrin kúkúrú tó ki. Òun ló ń ṣe bàbá fún gbogbo ọmọ inú agbo ilé náà. Adájọ́ bi í bóyá òun àti Bàbá Ẹlẹ́rọ ní ohun kan pọ̀. Ó ní kò sí. Mo na Bíbélì sí i kó fi búra, ó mi orí.

"Mo bọ̀wọ̀ fún un, ìyá, ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi. Ẹ fún mi ní irin."

Irin wà nínú àpótí mi, àdá kékeré tí a máa ń lò fún irú wọn. Ó gbà á, ó fi ahọ́n kàn án, ó ní, "Ọmọ àbúrò mi ni. Bí mo bá fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kí irin yìí bi mí." Inú mi dùn. Mo wo Àsàkẹ́ níbi tó jókòó sí, tó fi gèlè ìyá rẹ̀ bo apá rẹ̀, mo sì sọ nínú mi pé ọmọ yìí ti rí ẹni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò ṣojú mi. Ìyá Àsàkẹ́ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí ẹjọ́ ti tán. Ní ìdájí ọjọ́ kan, kí oòrùn tó yọ, àwọn àgbà ilé Bàbá Ẹlẹ́rọ dé sí agbo ilé wọn. Wọ́n mú obì lọ́wọ́. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀, àwọn ìyàwó wọn kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn. Bàbá Ẹlẹ́rọ alára ló wà níwájú, ó fi àyà lélẹ̀. Ó dàgbà ju Ọdẹ́wálé lọ dáadáa. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, ẹ fi òrìṣà ṣe é. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé. Àwa la ó máa tọ́jú ọmọ."

Ẹ̀yin tí a bí sí ilẹ̀ yìí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ẹni tó tó bí ọ bá dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ, o kò lè fi í síbẹ̀ kí o máa ronú. Ilẹ̀ á máa gbóná mọ́ ìwọ tó dúró. Ọdẹ́wálé bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní, "Ẹ dìde, bàbá, ẹ dìde, ó ti tán." Wọ́n pa obì, gbogbo wọn jẹ ẹ́. Ìyàwó ilé ni ìyá Àsàkẹ́. Nígbà tí àwọn àgbà ti wà nílẹ̀, òun náà kúnlẹ̀.

Bó ṣe di ọjọ́ tí a óò gbọ́ ẹjọ́ nìyẹn, tí lọ́yà Bàbá Ẹlẹ́rọ dìde tó ní ẹbí méjèèjì ti parí ọ̀rọ̀, kí kóòtù jọ̀wọ́ pa ẹjọ́ rẹ́. Lọ́yà Àsàkẹ́ kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó yíjú wo Ọdẹ́wálé.

Yorùbá ni adájọ́ wa, ọmọ ibí ni, ó mọ ìtumọ̀ ìdọ̀bálẹ̀ bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni òfin fi ń kọ̀wé, nítorí náà ẹnu mi ni gbogbo rẹ̀ gbà kọjá. Adájọ́ bi Ọdẹ́wálé:

"Wọ́n ní ẹjọ́ yìí ti parí. Ta ló parí rẹ̀?"

Ọdẹ́wálé ní, "Èmi ni, Olúwa mi. Wọ́n wá bẹ̀ mí. Ẹni tó tó bí mi lọ́mọ dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú erùpẹ̀. Kí ni kí n ṣe?"

"Ọwọ́ ta ni ẹ̀rọ gé?"

"Ọwọ́ Àsàkẹ́ ni, Olúwa mi."

"Ṣé wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Àsàkẹ́?"

Kóòtù dà rú. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan pòṣé. Ọdẹ́wálé fi ọwọ́ bo ẹnu. "Háà! Olúwa mi, ọmọdé ni. Àgbà wo ló ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé?"

Adájọ́ gbé bíírò rẹ̀ kalẹ̀. Ó rọra sọ̀rọ̀, ó ń dúró kí n túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó sọ òmíràn. "Nítorí pé àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé ni òfin ṣe yàn yín. Àwọn àgbà kò ní lọ bẹ̀ ẹ́, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa wá, òfin sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. A fi yín síbẹ̀ kí ẹ máa bá a béèrè. A ò fi yín síbẹ̀ kí ẹ máa bá a dárí jì. Ohun tí ẹ fi tọrẹ yìí, kì í ṣe tiyín. Kò sí alágbàtọ́ tó lè parí ẹjọ́ ọmọdé láìjẹ́ pé kóòtù yẹ̀ ẹ́ wò, kóòtù sì rí i pé ó ṣe ọmọ náà lóore."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ń sọ ọ́. Nígbà tí mo parí, ó béèrè ní ohùn kékeré, "Ìyá, ṣé mo da irin ni?" Mi ò ní ẹnu tí mo lè fi dá a lóhùn. Mo yíjú sí adájọ́, mo túmọ̀ ìbéèrè náà. Adájọ́ yọ Ọdẹ́wálé kúrò nípò alágbàtọ́, ó sì béèrè pé, "Ta ni yóò dúró fún ọmọ yìí?"

Kò sẹ́ni tó dìde. Àwọn ọkùnrin ẹbí náà ń wo ilẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n ti jẹ nínú obì yẹn. Adájọ́ ní òun yóò dúró títí kóòtù yóò fi dìde lọ́jọ́ náà, pé bí kò bá sí ẹni kankan, òun kò ní lè gbọ́ ẹjọ́ ọmọ tí kò ní alágbàtọ́, òun yóò sì tú u ká. Mo túmọ̀ rẹ̀. Mo ń wo ìyá Àsàkẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Gbogbo inú mi ni mo fẹ́ fi kígbe pé, dìde, ìyá, dìde! Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ohùn Ọ̀gá Ọmọ́táyọ̀ bí ẹni pé wọ́n dúró tì mí: ẹnu àlejò ni. Mo fara mọ́ àga mi. Àwọn ẹjọ́ mìíràn wọlé, wọ́n jáde. Oòrùn yí. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a dìde, adájọ́ tún béèrè, mo sì tún sọ ọ́ ní Yorùbá, bó ṣe sọ ọ́ gan-an:

"Ta ni yóò dúró fún ọmọ yìí?"

Ìyá Àsàkẹ́ dìde. Ìyálé ilé kan fa ìró rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ní, "Jókòó! Ṣé o fẹ́ bá ẹbí ọkọ rẹ du ọmọ ni?" Kò jókòó.

Ó ní, "Olúwa mi, èmi náà kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo bá wọn jẹ obì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ tán, Àsàkẹ́ bi mí pé kí ni wọ́n wá ṣe, mi ò sì mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Wọ́n ní ọmọ, ti ẹbí bàbá ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti lọ, ọwọ́ mi ló fi ń wẹ̀. Ọwọ́ mi ló fi ń dirun. Ọwọ́ mi ló fi ń wọṣọ. Ẹ jẹ́ kí ẹnu mi náà jẹ́ ẹnu rẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀. Nígbà tí mo dé ibi ọwọ́, ohùn mi lọ. Adájọ́ kò bá mi wí. Ó dúró, bíírò rẹ̀ dúró, títí ohùn mi fi padà tí mo sì parí rẹ̀, láìfi kún un, láìyọ kúrò níbẹ̀.

Adájọ́ bi ìyá náà ní ohun tí òfin ní kó bi í: ṣé ó ní ohun kan pọ̀ pẹ̀lú Bàbá Ẹlẹ́rọ, ṣé iṣẹ́ tó fẹ́ gbà yé e. Ó wá fi kún un pé, "Bí wọ́n bá tún wá dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀yin ń kọ́?"

"N ó ní kí wọ́n dìde, Olúwa mi. N ó sì ní ká pàdé ní kóòtù."

Ó yàn án.

Ẹ má rò pé ó dẹrùn. Kò sẹ́ni tó lé e ní agbo ilé náà, ṣùgbọ́n wọn kò kí i, wọn kò sì dá a lóhùn bó bá kí wọn. Ó gbé ọmọ rẹ̀ wá sí Ọ̀fà, ó gba yàrá kan, ó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwé kan. Lọ́jọ́kọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá wà, ó ti máa ń jókòó níwájú kí n tó ṣílẹ̀kùn. Ẹjọ́ náà pẹ́. Wọ́n gbé adájọ́ wa lọ sí ibòmíràn, òmíràn dé, a fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọdẹ́wálé ni ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́rìí fún ọmọ náà. Ó búra pẹ̀lú irin kan náà, ó sì sọ nípa ìbòrí bẹ́líìtì láìfi ohunkóhun pamọ́. Nígbẹ̀yìn, Àsàkẹ́ jàre. Ọ̀dọ̀ kóòtù ni owó tí wọ́n dá fún un wà títí ó fi dàgbà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ti ọwọ́ àtọwọ́dá àti ti ilé ìwé. Ó kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé.

Kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun gbogbo ti yí. Kọ̀ǹpútà ti gba ipò táípúráítà, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ ti wọ kóòtù, wọ́n sì ń fi fóònù ránṣẹ́ sí lọ́yà. Ó dára, mi ò bá wọn jà. Ojú mi kì í dúdú mọ́, ọkọ mi sì ti ṣàárò rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń rántí bí bíírò adájọ́ ṣe dúró dè mí lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá Ọmọ́táyọ̀ gbọ́ nípa rẹ̀ kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ pé ohùn rẹ lọ." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Wọ́n ní, "Ó padà?" Mo ní ó padà. Wọ́n ní, "Ó dáa." Bí wọ́n ṣe ń yin èèyàn nìyẹn.

Ó ku ohun kan, ohun náà ló sì jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí.

Lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Bàbá Ẹlẹ́rọ ni, ó ti gbó, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń fà á lọ́wọ́. Ó ní òun fẹ́ kí n mú òun lọ rí Àsàkẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹjọ́ yẹn ti tán. Ẹ ti san ohun tí kóòtù ní kí ẹ san."

Ó ní, "Mo ti san án. Mi ò tíì bẹ ẹni tí mo ṣẹ̀."

Èmi kì í ṣe akọ̀wé mọ́, ẹnu mi ti di tèmi. Síbẹ̀, mi ò bá Àsàkẹ́ gbà fún un. Mo lọ bá Àsàkẹ́ ní ilé ìwé tó ti ń ṣe tíṣà, mo sọ fún un, mo ní, "O lè ní rárá. Kò sẹ́ni tí yóò bi ọ́ ní ìdí." Ó ní òun máa rò ó. Ó rò ó títí mo fi rò pé ó ti gbàgbé. Lẹ́yìn náà ló ní kí bàbá máa bọ̀.

Ilé wọn ni a ti pàdé, ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá arúgbó náà yọ fìlà, ó gbé ọ̀pá tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wólẹ̀. Ọwọ́ mi ti jáde láti dá a dúró, bí ẹnikẹ́ni tí a kọ́ nílé ṣe máa ṣe.

Àsàkẹ́ ní, "Mummy, ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀. Ó lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, títí àyà rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé kó dìde. Àsàkẹ́ ń wò ó. Ìyá rẹ̀ ń sunkún láìpariwo. Bàbá náà fi ẹnu sí ilẹ̀, ó ní, "Àsàkẹ́, èmi ni mo ṣí ìbòrí yẹn. Jọ̀ọ́."

Àsàkẹ́ dìde lórí àga, ó kúnlẹ̀ tì í, ó ki ọwọ́ òsì rẹ̀ bọ abẹ́ apá bàbá náà, ó gbé e dìde.

Ó ní, "Ẹ jókòó, bàbá. Ẹ̀bẹ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mi lónìí."

Nítorí náà, ọmọ mi tó béèrè bóyá iṣẹ́ náà dára, ìdáhùn mi rèé: iṣẹ́ náà dára. Gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mo ń gbé láti ọwọ́ kan sí èkejì. Lọ́jọ́ yẹn mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú yàrá náà, ẹni tó ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ń dá a lóhùn, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ní kí n bá òun túmọ̀.